Wọ́n pààrọ̀ nọ́sù, àìsàn ò lọ: àkọsílẹ̀ Hilux dísù kan n'Íbàdàn

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, lítà epo bẹntiróòlù kan kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ilé epo ní Nàìjíríà, ó sì sún mọ́ owó dísù pẹ́kípẹ́kí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn. Ọdún gbọọrọ ni ìjọba fi ń san owó ìrànwọ́ lórí bẹntiróòlù, tí wọ́n sì fi dísù sílẹ̀ fún ọjà. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ náà ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, bẹntiróòlù bẹ̀rẹ̀ sí í sá tẹ̀lé dísù títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a. Àwọn tó ń fi pick-up jẹun wá jókòó ti ìṣirò. Pick-up oníbẹntiróòlù 2.7 tó di ẹrù lè mu nǹkan bíi lítà 13 nínú ìrìn 100 kìlómítà, onídísù 2.5 tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lè má mu ju 9 tàbí 10 lọ. Tí owó lítà méjèèjì bá ti ń dọ́gba, ẹni tó ń ná ọ̀nà jíjìn kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá là á lóye.

Ìṣirò yẹn ló gbé oníbàárà ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì wa kan lọ sọ́jà. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Alhaji. Oúnjẹ adìyẹ àti oúnjẹ ẹja ló ń kó láti Ìbàdàn lọ sí àwọn oko tó wà lágbègbè Ìṣẹ́yìn, ẹyin ló sì ń kó bọ̀. Ọ̀nà Móníyà sí Ìṣẹ́yìn, kìlómítà 65, ló ń gbà lọ tó ń gbà bọ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ọ̀sẹ̀. Irú ìrìn yìí gan-an ni dísù fẹ́: ó gùn, ẹrù wà lẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì á sì gbóná dáadáa kí wọ́n tó pa á. Nítorí náà, n kò bá a wí pé ó yan dísù. Bó ṣe rà á ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ.

Ọkọ̀ tí wọ́n fi hàn án jẹ́ Hilux 2.5 D-4D ti ọdún 2008, jíà ọwọ́, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ èyí tí àwa oníṣẹ́ mọ̀ sí 2KD. Kì í ṣe tòkunbọ̀, ilẹ̀ yìí ni wọ́n ti lò ó. Ẹni tó ń tà á ní òun fẹ́ jáàpá, òun ò lè gbé ọkọ̀ dání. Iye kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù lé díẹ̀ ní 142,000. Fún ọkọ̀ tó ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́nu iṣẹ́, ìyẹn kéré. Alhaji ní òun ti ṣe oríire.

Mẹkáníìkì tó bá a lọ mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n bẹntiróòlù ni iṣẹ́ tó mọ̀. Ó wo abẹ́ ọkọ̀, ó wo taya, ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, ó wo ẹnu sálẹ́ńsà, kò rí èéfín. Ó gbé e yí àdúgbò ká, jíà ń wọlé, kíláàṣì ò yọ̀. Ohun tí kò ṣe ni pé kò gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó tàn án. Ká ní ó ṣe é ni, ì bá mọ̀ pé ó ti gbóná kí wọ́n tó dé. Ọmọ tó ń ṣọ́ ilé náà ló padà jẹ́wọ́ fún Alhaji pé ọ̀gá òun ti tan ọkọ̀ ọ̀hún sílẹ̀ látàárọ̀. Dísù tó ti ń rẹ̀, ìdájí ló máa ń jẹ́wọ́. Tó bá ti gbóná tán, èyí tó ń kú lọ àti èyí tó pé, ohùn kan náà ni wọ́n ń fọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ ta dísù fún oníbàárà mi lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú pé kó má tàn án títí a ó fi dé, àti pé ìdájí la ó dé. Tó bá ní ìdájí ò rọ òun lọ́rùn, mo ti gbọ́ ohun tí mo fẹ́ gbọ́.

Wọn ò sì ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ìṣẹ́jú kan ni ìyẹn ń gbà. Tí afẹ́fẹ́ bá ń tú jáde níbẹ̀ fùú-fùú-fùú, tí inú ìdérí náà sì ní èérún dúdú tó le, kí ẹni tó fẹ́ rà á fi ọwọ́ sápò kó máa lọ.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Alhaji sọ fún mi pé òun ti kọ́kọ́ fẹ́ ra ọkọ̀ dísù kan tó wá láti Bẹ́ljíọ̀mù gba Kùtọnu wọlé, tó tuntun ju Hilux yìí lọ. Ó dáa tí kò rà á. Àwọn ọkọ̀ dísù tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù láti bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, asẹ́ èéfín wà nínú sálẹ́ńsà wọn, dísù tí wọ́n sì ṣe wọ́n fún kò gbọ́dọ̀ ní ju ìwọ̀n imí-ọjọ́ 10 nínú mílíọ̀nù lọ. Òfin Yúróòpù nìyẹn láti 2009. Dísù tí a ń rà níbí kò dá ẹnikẹ́ni lójú tó bẹ́ẹ̀. Asẹ́ yẹn á dí, ẹnì kan á ní ká gé e kúrò, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á máa wá a, wàhálà kò ní tán. Hilux tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ wa kò ní irú asẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ti pé ó yan Hilux, Alhaji kò ṣìnà.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ẹ́ńjìnnì á yí, á yí, kó tó gbà. Tó bá gbà tán, á máa dún kọ́-kọ́-kọ́, èéfín funfun á bo àgbàlá. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ariwo á lọ, èéfín á lọ, ọkọ̀ á sì máa sáré bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Mẹkáníìkì ní híítà ni, ìyẹn èyí tó ń mú inú sílíńdà gbóná kí ẹ́ńjìnnì tó tàn. Wọ́n ra mẹ́rin, wọ́n pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò yí nǹkan kan padà, kò sì yẹ kó yí i padà. Òtútù ni wọ́n ṣe híítà fún. Ẹ́ńjìnnì irú èyí, tó ń fọ́n epo tààrà sínú sílíńdà, tí kọ́mpúréṣọ̀n rẹ̀ (bó ṣe ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ra nínú sílíńdà) bá pé, á tàn n'Íbàdàn bí híítà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tilẹ̀ ti kú, nítorí òtútù ọyẹ́ wa pàápàá kò tó òtútù tí wọ́n ń sọ. Tí dísù bá ń ṣòroó tàn níbí, ibi epo ni kí a kọ́kọ́ wá a sí, lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ tó ń wọ páìpù epo, lẹ́yìn náà nọ́sù tó ń fọ́n dísù sínú sílíńdà, lẹ́yìn náà kọ́mpúréṣọ̀n. Híítà ló yẹ kó kẹ́yìn. Òun la sì máa ń kọ́kọ́ rà, nítorí pé òun ni owó rẹ̀ kéré jù, òun ló sì rọrùn jù láti tú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tú fílítà dísù. Omi ló kọ́kọ́ jáde kí dísù tó tẹ̀lé e. Wáyà kékeré tó wà nísàlẹ̀ fílítà náà, èyí tó máa ń tan iná lójú dáṣíbọ́ọ̀dù tí omi bá ti pọ̀ nínú rẹ̀, ẹnì kan ti gé e, ó sì fi téèpù dúdú wé e dáadáa. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo omi yẹn ló bá ọkọ̀ wá. Alhaji ń ra dísù ní kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń dà á sínú dúrọ́ọ̀mù lóko, ìyẹn dúrọ́ọ̀mù tó dúró síta, tí òjò ń rọ̀ lé lórí, tí ìdérí rẹ̀ kò sì le dáadáa. Láti ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù yẹn ni àwọn ọmọ oko ti ń fa dísù fún ọkọ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìdí tí èyí fi ń ba ọkọ̀ òde òní jẹ́, nítorí àwọn oníbàárà sábà máa ń sọ fún wa pé Peugeot 504 onídísù tí bàbá àwọn ní, tàbí Mercedes 200 D, ń mu dísù èyíkéyìí kò sì kú. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Pọ́ǹpù àtijọ́ ní agbára tó mọ níwọ̀n, àlàfo inú rẹ̀ sì fàyè gba ìdọ̀tí díẹ̀. Èyí tó wà nínú D-4D ń ti dísù pẹ̀lú agbára tó ju 1,000 báà lọ, inú nọ́sù rẹ̀ sì fún tó bẹ́ẹ̀ tí àlàfo ibẹ̀ kò tó fífẹ̀ irun orí kan. Dísù fúnra rẹ̀ ló ń fi òróró sí ara irin tó ń fi ara gbo ara nínú pọ́ǹpù àti nọ́sù. Omi kò ní òróró. Kẹrosíìnì tí àwọn kan máa ń bù mọ́ dísù kò ní tó bó ṣe yẹ. Ká tó gbọ́ ariwo kankan, irin ti ń jẹ irin.

Wọ́n pààrọ̀ fílítà, àárọ̀ rọ̀ díẹ̀, kọ́-kọ́-kọ́ ò lọ. Wọ́n wá tú nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ fún àwọn oníkalibréṣọ̀n. Èsì tó jáde lórí ẹ̀rọ wọn yé kooro: méjì dára, méjì ń dá epo padà ju bó ṣe yẹ lọ, ọ̀kan nínú méjì yẹn sì ń kán dísù dípò kó máa fọ́n ọn. Títí dé ibi yìí, iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe. Alhaji lọ sí ọjà Àràròmí ní Gate, ó ra nọ́sù tòkunbọ̀ méjì, wọ́n kì wọ́n padà, ọkọ̀ sì tàn láàárọ̀ ọjọ́ kejì bí wọ́n ṣe fọwọ́ kàn án. Èéfín ò sí. Ariwo ò sí. Gbogbo ilé yọ̀, Alhaji sì fún mẹkáníìkì lówó.

Ibẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Lábẹ́ nọ́sù kọ̀ọ̀kan, wáṣà oníbàbà kékeré kan wà tí kò fẹ̀ ju orí ìka lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó dí ẹnu ihò tí nọ́sù gbà wọ sílíńdà, kí iná àti èéfín inú sílíńdà má baà gòkè. Tí wọ́n bá ti dè é mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bàbà náà á tẹ́, á gba àwòrán ibi tó jókòó sí, á sì le. Tí wọ́n bá tú u tí wọ́n tún dá a padà, kò ní tẹ́ mọ́, kò ní dí pátápátá. Tuntun ni a gbọ́dọ̀ fi sí i nígbàkígbà tí nọ́sù bá jáde. Owó rẹ̀ kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán. Wọ́n tú nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n dá wáṣà àtijọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà.

Lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, tí irú wáṣà bẹ́ẹ̀ bá ń jò, ẹ ó gbọ́ ọ, ẹ ó sì rí dúdú lára nọ́sù láti òde. Lára 2KD, orí nọ́sù gba abẹ́ ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì kọjá. Iná tó bá jò níbẹ̀ kì í jáde síta, inú ọ́ìlì ló ń lọ. Á sun ọ́ìlì náà díẹ̀díẹ̀, ọ́ìlì tó sun á di èérún dúdú tó le, èérún yẹn á tẹ̀lé ọ́ìlì sọ̀kalẹ̀ lọ sí abọ́ ìsàlẹ̀. Nínú abọ́ yẹn ni asẹ́ kékeré kan wà tí pọ́ǹpù ọ́ìlì ń gbà fà á. Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ó tó bí oṣù mẹ́ta kó tó fara hàn. Alhaji ń bọ̀ láti Ìṣẹ́yìn, gósìlóò wà ní Móníyà, bí ọkọ̀ ṣe dúró lórí sílò, tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láìtẹ epo, ni iná pupa ọ́ìlì ń tàn tó ń kú. Bó bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ epo, iná náà á lọ. Mẹkáníìkì ní ṣúíìṣì tó ń tan iná náà ló bàjẹ́. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Iná padà. Ẹlòmíràn wá gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n da ọ́ìlì 40 sí i, èyí tó nípọn, pé ti ẹ́ńjìnnì tó ti dàgbà nìyẹn. Wọ́n dà á sí i. Iná kú, kò tàn mọ́.

N kò mọ ohun tó ń pa ẹ́ńjìnnì nílùú yìí ju ìmọ̀ràn yẹn lọ. Ọ́ìlì tó nípọn kò dá ọ́ìlì padà síbi tí kò dé. Ohun tó ṣe ni pé ó jẹ́ kí ìwọ̀nba tó kọjá asẹ́ pẹ́ díẹ̀ kó tó sàn lọ, agbára rẹ̀ sì tó láti tan ṣúíìṣì jẹ. Ní àárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì tutù, ọ́ìlì tó nípọn náà tún ṣòro fún pọ́ǹpù láti fà gba inú asẹ́ tó ti dí. Ibi tó jìnnà jù lójú ọ̀nà ọ́ìlì ni ebi ti kọ́kọ́ ń pa, tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì, sì wà lára wọn, èyí tí ọ̀pá inú rẹ̀ ń yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Kò pẹ́ tí tọ́bò bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, tí èéfín búlúù sì ń jáde bí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí epo.

Wọ́n ní kí Alhaji lọ ra tọ́bò. Alhaja, ìyàwó rẹ̀, tó ń mójú tó ìwé owó, ló ní ó tó gẹ́ẹ́. Òun ló ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà wá sọ́dọ̀ wa, òun náà ló sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe dé. Ó kí ọ̀gá wa dáadáa, ó wá ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Híítà, nọ́sù, ṣúíìṣì, ọ́ìlì, gbogbo rẹ̀ la ti rà. Wọ́n tún ní tọ́bò. Kí lẹ̀yin fẹ́ tà fún wa?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Alhaja, a ò tíì ní tà nǹkan kan fún yín lónìí. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó ná."

Ọmọ iṣẹ́ kan ti mú sípánà láti tú tọ́bò. Ọ̀gá ní kó gbé e sílẹ̀, kó ṣí ìdérí ọ́ìlì, kó sì tan ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ ń ti ìdérí náà padà. Inú ìdérí ọ̀hún dúdú, ó sì ní èérún tó ń ta ọwọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, a yọ ṣúíìṣì ọ́ìlì, a fi ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ọ́ìlì sí àyè rẹ̀. Ibi tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí nìyí, ó sì wù mí kí gbogbo ẹni tó ń tún dísù ṣe fi sọ́kàn. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe tutù, agbára ọ́ìlì dára. Nígbà tó gbóná, ó wálẹ̀ lórí sílò. Ìyẹn nìkan kò sọ nǹkan kan fúnni, nítorí bíárìnnì (irin tí ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì ń yí lé lórí) tó ti jẹ pẹ̀lú máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ bíárìnnì, bí a bá tẹ epo, agbára á máa gòkè tẹ̀lé e. Ti ọkọ̀ yìí gòkè díẹ̀, ó dúró, nígbà tí a sì tẹ̀ ẹ́ sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́. Pọ́ǹpù ń fẹ́ fà jù bó ṣe ń rí fà lọ. A pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. A ò tàn án mọ́ títí a fi tú u.

Nígbà tí a sọ abọ́ ọ́ìlì kalẹ̀, asẹ́ náà rí bí ìsàlẹ̀ ìkòkò tí ọbẹ̀ jóná mọ́. Ojú ihò tó ṣì là kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Nínú abọ́ fúnra rẹ̀, ẹrọ̀fọ̀ dúdú tó nípọn bí àtàǹpàkò ló wà nísàlẹ̀, tí èérún le ń dún nínú rẹ̀. A pe Alhaji àti Alhaja kí wọ́n wá wò ó. Alhaji mú èérún kan, ó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, kò fọ́.

A tú bíárìnnì kọnrọ́ọ̀dù wò. Ojú ìlà díẹ̀ wà lára wọn, ọ̀kan ti fẹ́ máa hàn bàbà, ṣùgbọ́n kíráńkì, ọ̀pá ńlá inú ẹ́ńjìnnì, ò tíì gbọgbẹ́. Ká ní wọ́n tún rin ọ̀nà Ìṣẹ́yìn fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i ni, odindi ẹ́ńjìnnì ni à bá máa wá. Nígbà tí a fọwọ́ mi ọ̀pá tọ́bò, ó mì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kò fi abẹ́ kan ilé rẹ̀. Páìpù tó ń gbé ọ́ìlì lọ fún un ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí.

Bí a ṣe ń tú iwájú ẹ́ńjìnnì láti wo ara rẹ̀ ni a rí ohun tó yí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí padà pátápátá. Lára ìdérí táímìnnì bẹ́líìtì (èyí tó ń jẹ́ kí fáfù àti pístọ́ọ̀nù máa bá ara wọn rìn), lábẹ́ epo àti eruku, mẹkáníìkì kan ti fi máákà funfun kọ ọ́ pé "TB 151,000". Bí àwọn oníṣẹ́ ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn nígbà tí wọ́n bá pààrọ̀ bẹ́líìtì. Dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ náà, lẹ́yìn gbogbo ìrìn tí Alhaji ti fi rìn, kò tíì dé 151,000. Ẹnì kan ti dá iye kìlómítà padà, kò sì sí ẹni tó mọ iye tó dá padà.

Ẹ̀tàn yẹn kì í ṣe ti owó nìkan. Bẹ́líìtì 2KD, kìlómítà 150,000 ni wọ́n dá fún un, iná kan tí wọ́n kọ T-BELT sí lára á sì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tí àkókò bá tó. Iye kìlómítà ni iná yẹn ń tẹ̀lé. Ẹni tó bá dá iye padà ti pa ìkìlọ̀ náà pẹ̀lú. Bẹ́líìtì tó wà nínú ọkọ̀ yìí ti ń fọ́ lójú eyín. Tó bá já lórí eré, pístọ́ọ̀nù á pàdé fáfù, wọ́n á sì tẹ̀. A pààrọ̀ bẹ́líìtì àti tẹ́ńṣọ́nà rẹ̀ láìbèèrè ìbéèrè kejì.

Ìgbà yìí la tó jókòó sọ̀rọ̀ owó. Alhaji fẹ́ tà á bó ṣe wà. Ó ní ó ti rẹ òun. Ọ̀gá sọ fún un pé ẹni tó bá rà á á ṣí ìdérí ọ́ìlì, tí kò bá sì ṣí i, yóò padà wá bá a jà. Alhaja béèrè bóyá a lè kọ gbogbo ohun tí a fẹ́ ṣe sílẹ̀, kí a sì kọ èyí tí a kò ní ṣe. Ó jẹ́ ìbéèrè tó dára, ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í béèrè ìdajì kejì yẹn. A kọ ọ́: bíárìnnì kọnrọ́ọ̀dù, asẹ́ ọ́ìlì tuntun, páìpù tọ́bò, bẹ́líìtì, wáṣà oníbàbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú rọ́bà tó yí nọ́sù ká lókè. A kò ní ra tọ́bò. A kò ní ra nọ́sù tuntun.

Iṣẹ́ tó gba àkókò jù ni ti ibi tí nọ́sù jókòó sí. Èéfín ti dì síbẹ̀, wáṣà tuntun pàápàá kò ní dí tí a bá gbé e lé orí rẹ̀. Irinṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí láti fi fá a mọ́. A fi gírísì sí i lẹ́nu kí èérún má baà bọ́ sínú sílíńdà, a fá a títí tí irin tó mọ́ fi yọ. Ẹni tó bá sáré níbí, á tún iṣẹ́ ṣe. Nígbà tí a ń dá nọ́sù padà, a ka kóòdù tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, a fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ wọ́n sínú ọkọ̀, nítorí nọ́sù tòkunbọ̀ méjì tí wọ́n fi sí i tẹ́lẹ̀, kóòdù àwọn àtijọ́ ni ọkọ̀ ṣì ń fi bá wọn ṣiṣẹ́. Ìyẹn ló mú kí sílò rẹ̀ máa mì díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kà á sí.

Ọ́ìlì 15W-40 tí wọ́n ṣe fún dísù, tí CI-4, àmì ipele ọ́ìlì dísù, wà lára gálọ́ọ̀nù rẹ̀, la dà sí i, nǹkan bíi lítà méje. A jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀, a tún dà á nù pẹ̀lú fílítà rẹ̀, nítorí dúdú tó kù nínú ihò ẹ́ńjìnnì yóò tún sọ̀kalẹ̀. Oníbàárà kì í fẹ́ràn kí wọ́n da ọ́ìlì tuntun nù, ṣùgbọ́n èyí tó jáde náà dúdú kirimu, Alhaja sì rí i fúnra rẹ̀. Agbára ọ́ìlì wá ń gòkè tẹ̀lé ẹsẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tàn láìpariwo.

Nípa dísù, a bá wọn sọ̀rọ̀ ju bí a ṣe bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì lọ. Ilé epo tí àwọn ọkọ̀ ńlá ti ń rà ni kí wọ́n ti máa rà, torí dísù kì í pẹ́ nílẹ̀ níbẹ̀. Tó bá di dandan kó wọ dúrọ́ọ̀mù, kí dúrọ́ọ̀mù wọ abẹ́ òrùlé, kó sùn mọ́jú kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, kí páìpù tí wọ́n fi ń fà á má dé ìsàlẹ̀. Kí wọ́n máa da díẹ̀ sínú ìgò funfun: tí omi bá wà á jókòó sísàlẹ̀, tí kẹrosíìnì bá wà imú á gbọ́ ọ. A so wáyà tí wọ́n gé padà, a sì kọ́ awakọ̀ bí wọ́n ṣe ń tú omi nídìí fílítà. Ó ní kò sẹ́ni tó fi han òun rí láti ìgbà tó ti ń wa dísù.

Ohun kan tí mo bá àwọn oníṣẹ́ ẹgbẹ́ wa sọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé mẹkáníìkì àkọ́kọ́ kò ṣe iṣẹ́ burúkú lórí nọ́sù. Ó mú un lọ fún ìdánwò, ó sì rí àrùn gidi. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé ó gba kí ọkọ̀ tàn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé iṣẹ́ pé. Tí nọ́sù bá jáde nínú 2KD tàbí 1KD (ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ 3.0), ẹ bi ara yín léèrè wáṣà kí ẹ tó béèrè owó. Tí ọkọ̀ bá sì wá láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn tó ti pààrọ̀ nọ́sù, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì, kí ẹ sì wọn agbára ọ́ìlì nígbà tó bá gbóná. Iná pupa ọ́ìlì kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣúíìṣì dán wò.

Ní ti owó, àǹfààní dísù tí Alhaji ṣírò kò tíì wọlé fún un lọ́dún àkọ́kọ́. Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì gbé e lọ. Tí kò bá jẹ́ ọ̀nà Ìṣẹ́yìn, tó bá jẹ́ pé láàárín Bódìjà sí Dùgbẹ̀ ló ń ná ni, mo máa ní kó tà á kó padà sórí bẹntiróòlù, nítorí ìrìn kúkúrú nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ kì í san owó dísù padà. Ó ṣì ń lo ọkọ̀ náà. Tọ́bò àtijọ́ ló ṣì wà lára rẹ̀. Ó ń mu ọ́ìlì díẹ̀, kò tíì tó ohun tí a ó torí rẹ̀ ra òmíràn. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ọkọ̀ tó jáde, awakọ̀ ń fa igi tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ó ń ya fọ́tò rẹ̀, ó sì ń fi ránṣẹ́ sí Alhaja lórí WhatsApp.